Ìtàn ọ̀rọ̀ "trust": láti orí àwìn etíkun dé orí ìlú tí wọ́n fi sábẹ́ alágbàtọ́

 

Ìtàn ọ̀rọ̀ kan la gbé wá fún yín lónìí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. A mọ̀ pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa níléèwé, àwọn kan á sì máa bi wá pé kí ló kàn wá nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní sùúrù, ó kàn wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni "trust". Bí ẹ bá bi ọmọ iléèwé kan ní Ìdírókò tàbí ní Èkó pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, á ní "fọkàn tán" ni. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ní etíkun wa, láyé àwọn bàbá ńlá wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn ni oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní lọ́kàn tó bá lo ọ̀rọ̀ yìí. Àwìn ló ní lọ́kàn. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n tún fi sọ̀rọ̀ nípa odindi ilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ilẹ̀ Togo. Bí ọ̀rọ̀ tó dára tó báyìí ṣe rìn títí tó fi dé ibẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

TIWA PỌ̀, TIWỌN JẸ́ ẸYỌ KAN

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé tiwa. Bí ẹnì kan bá sọ ohun kan fún wa tí a sì gbà pé òótọ́ ni, a ní a gbà á gbọ́. Bí a bá mọ̀ pé ó máa dúró tì wá lọ́jọ́ ìṣòro, a ní a gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí a bá lè sọ àṣírí wa fún un kí a sì sùn dáadáa, a ní a fọkàn tán an. Bí a bá ń lọ sí ìrìn àjò, a lè fi ilé tàbí ọmọ síkàáwọ́ rẹ̀. Bí a bá gbé ọjà fún un tí kò tíì sanwó, àwìn la tà fún un. Bó bá jẹ́ owó la kà fún un, a yá a lówó ni. Bí òun náà bá sì fi nǹkan sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kí ọkàn wa lè balẹ̀, ó fi nǹkan náà dógò.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ méje nìyẹn, kò sì sí èyí tó jọ ìkejì. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ pé "ó tà á fún mi láwìn" kó rò pé ẹni tó tajà náà ti finú han òun. Ìyá aláṣọ lè tajà láwìn fún ẹni tí kò fọkàn tán rárá, nítorí pé ó mọ ilé bàbá rẹ̀, ó sì mọ ibi tóun máa gbà bó bá sá. Bẹ́ẹ̀ náà la lè fọkàn tán ẹnì kan pátápátá, síbẹ̀ ká má tajà láwìn fún un, torí a mọ̀ pé kò ní i.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n "trust" yìí nìkan lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ méje wa. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá. Àwọn ará àríwá Yúróòpù, àwọn jagunjagun orí omi tó wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, ni wọ́n gbà pé wọ́n mú un wá. "Traust" ni wọ́n ń pè é lédè tiwọn, ohun tó sì túmọ̀ sí ni ìrànwọ́ tó dúró ṣinṣin, ohun tí ènìyàn lè fẹ̀yìn tì. Ní nǹkan bí ọdún 1200 ló bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́jà ìlú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún títa ọjà láìgba owó lójú ẹsẹ̀. Àwọn amòfin wọn náà mú un: bí ọkùnrin kan bá fi ilẹ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ pé kó máa bójú tó o fún ọmọ òun, "trust" ni wọ́n pe ètò yẹn. Ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ bí ohun tirẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́, ilé ẹjọ́ lè pè é kó wá jíhìn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ "jíhìn" yìí sọ́kàn. A máa padà síbẹ̀.

ÀWÌN ỌKỌ̀ OJÚ OMI

Nígbà òwò ẹrú, ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá gúnlẹ̀ sí etíkun wa kì í bá ẹrú nílẹ̀ tó ti ń retí rẹ̀ ní iye tó fẹ́. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ dúdú ló ní ọ̀nà inú igbó lọ́wọ́, wọ́n sì nílò ọjà tí wọ́n máa gbé lọ. Nítorí náà, ọ̀gá ọkọ̀ á kó aṣọ, irin, bàbà, ọtí, ìbọn àti tábà fún wọn ṣáájú, á ní òun ti "trust" wọn. Òun á wá dúró lójú omi, nígbà mìíràn fún oṣù bíi mélòó kan, títí wọ́n á fi padà pẹ̀lú ènìyàn. Kí a má tan ara wa jẹ: ènìyàn ni wọ́n ń fi san àwìn yẹn. Àwọn tó gbà á mọ̀, àwọn tó gbé e sílẹ̀ náà mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀ jù ni Old Calabar, ìlú àwọn Ẹ̀fíkì, lọ́hùn-ún ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà òní. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan nínú wọn sì ń kọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Antera Duke, kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì etíkun láàárín 1785 sí 1788, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì wà títí dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bí ọ̀gá ọkọ̀ bá fọkàn tán oníṣòwò Calabar lóòótọ́, kí ló tún ń gba ènìyàn dógò fún? Torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kí ẹni tó gba ọjà tó wọ inú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lọ sókè odò, ó gbọ́dọ̀ fi ènìyàn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ìgbà ọmọ tirẹ̀ tàbí ọmọ ẹbí rẹ̀. Bó bá padà pẹ̀lú ohun tí wọ́n jọ sọ, wọ́n á dá ènìyàn rẹ̀ padà. Bó bá pẹ́ jù, tí afẹ́fẹ́ sì ti yí, ọ̀gá ọkọ̀ lè gbé ẹni ìdógò náà lọ sí òkè òkun, kó lọ tà á bí ẹrú.

Àwa náà ní ìwọ̀fà, a kò lè sẹ́. Bàbá tó jẹ gbèsè lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe ni èlé orí owó, ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà ló ń padà sílé. Ìyà wà níbẹ̀, pàápàá fún ọmọ kékeré. Síbẹ̀ àwọn àgbà mọ̀yàtọ̀ láàárín ìwọ̀fà àti ẹrú. Ìwọ̀fà mọ ilé bàbá rẹ̀, ará àdúgbò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, olówó kò sì ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Wọ́n tún ní ológò, ẹni tí olówó ń rán lọ jókòó sílé onígbèsè, á máa pariwo, á máa bú wọn, á máa mú adìẹ wọn pa jẹ, títí ìtìjú á fi jẹ́ kí wọ́n wá owó rẹ̀. Gbogbo èyí, àárín ìlú ló ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tí ọba àti ìjòyè wà láti gbọ́ ẹjọ́. Ìwọ̀fà tó bá ti dé inú ọkọ̀ òkun kò ní ìlú kankan láyìíká rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Àwìn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mú kí ọ̀nà ọ̀pọ̀ ọmọ jìn lójijì.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ 1767

Ìtàn kan wà tó fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ní 1767, ìjà owó àti agbára wà láàárín ìlú méjì ní Old Calabar, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Old Town àti New Town. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú omi ránṣẹ́ sí àwọn ará Old Town pé kí wọ́n wá sínú ọkọ̀, àwọn máa bá wọn parí ìjà, kò sí ohun tó máa ṣe wọ́n. Àwọn ènìyàn yìí ti ń bá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòwò tipẹ́, wọ́n jọ ń gba àwìn, wọ́n jọ ń jẹun. Wọ́n gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n lọ.

Ìgbà tí wọ́n dé inú ọkọ̀ tán ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ti bá àwọn ará New Town mulẹ̀. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò wọn, wọ́n sì kó àwọn kan lẹ́rú. Lára àwọn tí wọ́n kó ni ọmọ ìdílé olórí Old Town méjì, Little Ephraim Robin John àti Ancona Robin Robin John. Wọ́n tà wọ́n sí erékùṣù Dominica.

Níbẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ kan ní kí wọ́n sá wá sínú ọkọ̀ òun, òun á mú wọn délé. Wọ́n tún gbà á gbọ́. Virginia ní Amẹ́ríkà ló kó wọn lọ, ó sì tà wọ́n. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ọ̀gá ọkọ̀ mìíràn tún ṣèlérí kan náà. Èyí gbé wọn dé Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì wá rí i pé wọ́n tún fẹ́ dá wọn padà sí Amẹ́ríkà láti lọ tà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n kọ. Wọ́n kọ̀wé láti inú ọkọ̀ níbi tí wọ́n há wọn mọ́ sí oníṣòwò Bristol kan tó mọ ìdílé wọn ní Calabar. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Lord Mansfield, adájọ́ àgbà, ní 1773. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ọmọ òmìnira làwọn, pé ẹ̀tàn ni wọ́n fi mú àwọn, pé ẹnikẹ́ni kò rà wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà wọ́n. Wọ́n dá wọn sílẹ̀. Kí wọ́n tó kúrò ní Bristol, wọ́n bá àwọn ẹlẹ́sìn Mẹ́tọ́díìsì ṣọ̀rẹ́, Charles Wesley wà lára wọn, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń gbé wọn lọ sílé ti rì, wọ́n wọ òmíràn, wọ́n sì dé ilé.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ìtàn yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n fọkàn tán òyìnbó, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n já wọn kulẹ̀. Ohun tó wá gbà wọ́n sílẹ̀ ni ìwé tí wọ́n kọ, àti ibì kan tí ẹni tó mú wọn ti gbọ́dọ̀ dúró kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìdájì kejì ọ̀rọ̀ "trust" nìyẹn, ìdájì tí kò dé etíkun wa: ìjíhìn.

NÍGBÀ TÍ EPO PUPA GBA IPÒ ẸRÚ

Ní 1807, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ènìyàn wọn. Epo pupa ló wá di ọjà. Ilé iṣẹ́ wọn nílò rẹ̀ fún ọṣẹ, fún àbẹ́là àti fún ẹ̀rọ tí kò gbọdọ̀ gbẹ. Àwìn náà kò tán, ṣe ló tún pọ̀ sí i. Àwọn oníṣòwò Liverpool á kó ọjà sílẹ̀ ní Bonny tàbí Calabar ní ọ̀pọ̀ oṣù kí epo tó dé. Bí ẹnì kan bá sì ti jẹ gbèsè ọkọ̀ kan, ọkọ̀ yẹn nìkan ló gbọ́dọ̀ tà fún. Ọkọ̀ mìíràn lè mú owó tó dára ju ìyẹn lọ wá, kò ní í lè fọwọ́ kàn án. Báyìí ni "mo trust ẹ" ṣe di "o kò lè lọ síbòmíràn".

Bí gbèsè bá pẹ́, àwọn òyìnbó lè já epo gbà lójú omi, kódà kó jẹ́ epo ẹlòmíràn láti ìlú kan náà. Ará ìlú sì lè dá òwò dúró títí wọ́n á fi tú ìyẹn sílẹ̀. Ìjà yìí pọ̀ débi pé ní 1854 wọ́n dá ilé ẹjọ́ oníṣòwò kan sílẹ̀ ní Bonny, níbi tí àwọn òyìnbó àti àwọn olórí ìlú ti ń jókòó pọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ gbèsè. Díẹ̀díẹ̀, kọ́ńsùlù Gẹ̀ẹ́sì àti ọkọ̀ ogun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Ọ̀rọ̀ àwìn wà lára ohun tó ṣílẹ̀kùn fún ìjọba wọn. Ọba Jaja ti Opobo fẹ́ máa fi epo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, kí alárinà etíkun má bàa pààlà fún un. Ní 1887, kọ́ńsùlù pè é wá sọ̀rọ̀, ó fi dá a lójú pé kò sí ewu, ó sì gbé e kúrò nílùú. Jaja kò fojú kan Opobo mọ́ títí ó fi kú ní 1891. Àwọn ará Old Town ìbá ti sọ fún un.

NÍ ẸBÁDÒ TIWA

Ní apá tiwa, láti Ouidah dé Àjàṣẹ́ títí lọ sí Àgbádárìgì, àwìn wà bẹ́ẹ̀ náà. Ọjà àwìn yẹn wà lára ohun tó ń fa ènìyàn láti ilẹ̀ Yorùbá lọ sétí òkun. Orúkọ Kétu tí àwọn ọmọ òrìṣà ń pè ní Brazil títí dòní, ọ̀nà yẹn ló gbà dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pè é níbí ló yàtọ̀. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Àjàṣẹ́ mú èdè Potogí wá, "fiado" sì ni ọjà àwìn lédè yẹn. Láti inú "fiar" ló ti wá, tó túmọ̀ sí kí a fọkàn tán ènìyàn. Faransé tó dé lẹ́yìn mú "crédit" wá. Ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí kí a gba ènìyàn gbọ́ ló bí i, òun náà ló bí "croire". Ẹ rí i pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Gbogbo àwọn tó gbé ọjà wá bá wa lórí omi ló ń fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ pe gbèsè. Àwa là ń pe àwìn ní àwìn.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá omi yìí tó ṣeni ní kàyéfì. Ní 1842, Thomas Birch Freeman, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní 1845, Samuel Ajayi Crowther pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé ibẹ̀ náà. Lórí iyanrìn kan náà, òyìnbó kan ń wàásù pé kí a "trust" Ọlọ́run, òyìnbó kejì sì ń ka iye tí àwọn tó ti "trust" jẹ ẹ́.

Crowther fúnra rẹ̀ mọ òwò yẹn lára. Ní 1821 ni wọ́n kó o ní Òṣogùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fi òun pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan, pé wọ́n tún ta òun fún ọtí àti tábà, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gba òun sílẹ̀ lójú omi ní 1822. Ọtí àti tábà, ọjà àwìn gan-an nìyẹn. Nígbà tí òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń tú Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ tó parí ní 1884, "gbà gbọ́" àti "gbẹ́kẹ̀ lé" ni wọ́n lò. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ní òórùn ìwé gbèsè lára. Ẹni tó bá kà á ní Yorùbá kò ní ronú kan òwò láé. Èdè wa ló ṣe ìyẹn fún wa.

ÌLÚ TÍ WỌ́N FI SÁBẸ́ ALÁGBÀTỌ́

Ẹ jẹ́ ká wá gba ìwọ̀-oòrùn lọ, sọ́dọ̀ àwọn Ifẹ̀ ti Togo. Láti 1884 ni Jámánì ti wà ní Togo. Nígbà tí ogun bẹ́ ní oṣù kẹjọ 1914, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wọlé látọ̀tún látòsì. Ní Kamina, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atakpamé, ni Jámánì ní ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti túúbá ní ọjọ́ 26 oṣù yẹn. Àwọn tó ṣẹ́gun pín Togo sí méjì.

Nígbà tí ogun parí, wọ́n kọ ìwé àdéhùn ní 1919, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí Faransé ń pè ní Société des Nations sílẹ̀. Nínú ìwé ẹgbẹ́ náà, wọ́n sọ pé ìtọ́jú àwọn ènìyàn ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Jámánì jẹ́ "trust" mímọ́ kan. Báyìí ni ọ̀rọ̀ wa tún yọjú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé kan náà ní Faransé: "mission" mímọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ogun kejì, ní 1946, Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè, ìyẹn ONU, gba iṣẹ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀rọ̀ kan tó ti inú "trust" jáde láti fi pe ètò náà. Faransé pè é ní "tutelle".

Ẹ̀yin tó gbọ́ Faransé mọ ohun tí "tutelle" jẹ́. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí kò tíì bàlágà, ni wọ́n ń fi sábẹ́ "tuteur". Ọ̀rọ̀ kan ní ohun oníhun ló wà lọ́wọ́ ẹ, ìwọ á sì jíhìn. Èkejì ní iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ ni. Ẹ̀kẹta ní ọmọdé ni wọ́n, ìwọ ni kó o máa tọ́ wọn. Ilẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Kò sì sí ẹni tó lọ bi àgbà Atakpamé kankan pé ta ni wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ wọn sí lọ́wọ́. Bí ẹni ìdógò inú ọkọ̀ Calabar ni: àwọn méjì ń ṣe àdéhùn, ẹ̀kẹta ni wọ́n fi lélẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣòdodo. Ètò ONU yìí mú ìjíhìn wá pẹ̀lú, díẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n ó mú un wá. Ará Togo lè kọ ìwé ẹ̀sùn sí ONU, ONU sì máa ń rán àwọn ènìyàn wá wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Ọmọ Dahomey, ará Kétu tàbí ará Ṣábẹ̀, kò ní irú àǹfààní yẹn, torí Faransé kà á sí ilẹ̀ tirẹ̀ gangan. Sylvanus Olympio, ọmọ ìdílé Àgùdà, lo ẹ̀tọ́ yìí dáadáa. Ní 1947, ó dúró níwájú ONU láti gbẹnu sọ fún àwọn Ewe tí ààlà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín sí méjì. Apá tó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì dìbò ní 1956, ó dara pọ̀ mọ́ Gold Coast, tó di Ghana. Ní apá Faransé, ìjọba ṣe ìbò tirẹ̀ lọ́dún kan náà, ó ní kí ètò alágbàtọ́ parí. ONU kò gbà pé ìyẹn ti tó. Ìbò mìíràn wáyé ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1958, àwọn òṣìṣẹ́ ONU sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Ẹgbẹ́ Olympio ló wọlé. Ọdún méjì géérégé lẹ́yìn rẹ̀, ní 27 oṣù kẹrin 1960, Togo gba òmìnira.

Ohun tí àwọn ọmọ Robin John ṣe ní Bristol ni àwọn ará Togo ṣe ní ONU. Wọn kò fi ọkàn tán ẹni tó gbà wọ́n, ìwé ni wọ́n kọ. Wọ́n ní: ẹ̀yin lẹ sọ pé "trust" ni, ó dáa, ẹ wá jíhìn.

OHUN TÓ KÙ FÚN WA

Kì í ṣe pé a fẹ́ kí ẹ máa bẹ̀rù ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a rí kọ́ ni pé nígbà tí ẹni tó lágbára jù wá bá sọ pé òun fọkàn tán wa, tàbí pé kí a fọkàn tán òun, ó yẹ kí a fi Yorùbá bi í pé èwo nínú rẹ̀ ni. Ṣé àwìn ni? Ọjọ́ wo la máa san án, èlé mélòó ló wà lórí rẹ̀? Ṣé a máa fi nǹkan dógò ni? Kí ni, ta ló sì ni ín? Ṣé o fẹ́ kí a fi ilẹ̀ wa síkàáwọ́ rẹ ni? Níwájú ta lo ti máa jíhìn?

Irú ìbéèrè yìí kò tíì tán. Àwọn tó ń wá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà wa, àwọn tó ń gba owó àjọ ọjà, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ alágbèéká yáni lówó, gbogbo wọn ló ń fẹnu dídùn sọ̀rọ̀ ọkàn. Ẹ̀yin náà ẹ sọ̀rọ̀ ìwé pẹ̀lú wọn.

Àwọn Mùsùlùmí wa ní ọ̀rọ̀ kan tó dára fún èyí, tí a gbà láti inú èdè Lárúbáwá: àmánà. Ohun tí wọ́n fi sí ẹ lọ́wọ́ kì í ṣe tìẹ, o máa dá a padà fún ẹni tó ni ín. Kò sí àwìn nínú rẹ̀, kò sí ìwọ̀fà nínú rẹ̀. Bóyá ìyẹn gan-an ni ohun tí "traust" túmọ̀ sí lẹ́nu àwọn ará àríwá yẹn, kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ ọkọ̀ lọ sí Calabar.

A kọ "ìgbẹ́kẹ̀lé ènìyàn, asán ni" sára ọkọ̀ akérò wa, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni ìyá kan ní Ìfànhìn ń gbé ẹrù fún ìyá kejì lódìkejì ààlà láìsí ìwé, tí owó sì ń padà wá. Àwọn méjì yẹn mọ ilé ara wọn. Ìyẹn ni ohun ìdógò wọn, kò sì sí ọmọ ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ ń pe àwìn ní àdúgbò yín, ní Ṣábẹ̀, ní Ìdáṣà, ní Atakpamé? Ǹjẹ́ àwọn bàbá bàbá yín sọ ìtàn ìwọ̀fà tàbí ológò kan fún yín? Ẹ kọ ọ́ síbí kí àwọn ọmọ wa lè kà á.